Òrí, Àdín, Ọṣẹ àti Omi: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Kí A Tó Po Ìpara Fúnra Wa

Kò sí ọmọ tí a bí ní Ifẹ̀-Olúkòtún ní ìgbà tèmi tí a kò fi òrí pa lára kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè wa là, tí gìgísẹ̀ wa sì sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá àgbà a gbé igbá òrí sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, a ó sì tò síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A kì í béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ọ̀dọ́, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa àti àwọn tí wọ́n ti jáde, ń po ìpara fúnra wọn. Òrí ń bẹ níbẹ̀, òróró àgbọn ń bẹ níbẹ̀, oyin, omi ètí erin, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ata ilẹ̀ pupa, àti oríṣiríṣi ìyẹ̀fun tí wọ́n rà nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ. Àwọn kan ń lò ó fún ara wọn. Àwọn mìíràn ń tà á láti fi rówó ilé-ẹ̀kọ́ gíga san, ohun ìyìn sì ni èyí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì, ìbéèrè tí mo sì ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn ni èyí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ìpara mi fi ń bàjẹ́?” Nígbà tí olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí n kọ nǹkan, ìbéèrè náà ni mo kọ́kọ́ rántí. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro, ṣùgbọ́n a ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òrí.

Igi òrí, tí àwọn àgbà tún ń pè ní igi emi, kì í ṣe igi inú igbó kìjikìji. Inú ọ̀dàn ni ó ń hù, láti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Uganda. Ilẹ̀ Yàgbà wa wà ní ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, èyí ni ó sì fi ṣeé ṣe kí ọ̀pẹ àti igi òrí wà nínú oko ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìpara jẹ́ yóò mọ̀ pé ọrọ̀ ńlá ni a jókòó lé lórí. Mungo Park, ará Scotland tí ó rìn la ilẹ̀ Bambara kọjá ní ọdún 1796, kọ nípa igi yìí nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tí ó jáde ní 1799. Ó ní òrí dùn lẹ́nu òun ju bọ́tà màlúù lọ, ó sì ń pé ọdún kan gbáko láìsí iyọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Bọ́tà màlúù ní omi nínú, nítorí náà ó nílò iyọ̀ kí ó má baà tètè bàjẹ́. Òrí tí a sè dáadáa kò ní omi. A ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ omi yìí.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí kò rí bí a ti ń ṣe òrí rí pọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. A ó ṣa èso tí ó jábọ́, a ó bó ara rẹ̀ kúrò, a ó se kóró rẹ̀, a ó sì sá a gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni a ó fọ́ èèpo rẹ̀, tí a ó yan ọmọ inú rẹ̀, tí a ó gún un tàbí kí a lọ̀ ọ́. A ó fi omi pò ó, a ó sì máa fi ọwọ́ lù ú títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Ọ̀rá yìí ni a ó sè títí gbogbo omi yóò fi gbẹ kúrò nínú rẹ̀, kí a tó sẹ́ ẹ. Ibi méjì ni iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́. Èkíní ni ìgbà tí èso bá pẹ́ jù lórí ilẹ̀ tútù, tí ó hù tàbí tí ó bu. Òrí irú èso bẹ́ẹ̀ a máa tètè kan. Èkejì ni ìgbà tí oníṣẹ́ bá kánjú gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí omi tó gbẹ tán.

Fún ìdí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ ra òrí lọ́jà, kí ó gbóòórùn rẹ̀ ná. Òórùn èéfín díẹ̀ kì í ṣe àbùkù, ṣùgbọ́n òórùn kíkan jẹ́ àbùkù. Kí ó fi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́; òrí gidi yóò yọ́ nípa ooru ara nìkan, kò sì ní kù bí iyanrìn sí abẹ́ ìka. Bí ó bá délé, kí ó fi ṣíbí yọ́ díẹ̀ lórí iná. Bí ó bá ń ta pàrà-pàrà, omi wà nínú rẹ̀, kí ó tún un sè kí ó tó lò ó.

Oríṣi ásíìdì ọ̀rá méjì ni ó pọ̀ jù nínú òrí: oleic, tí ó fẹ́ràn àti máa ṣàn, àti stearic, tí ó fẹ́ràn àti dì. Àwọn méjèèjì papọ̀ ju ìdá 80 nínú 100 òrí lọ. Ìjà àwọn méjèèjì yìí ni ó ń fa ohun kan tí ó máa ń ba àwọn ọ̀dọ́ lọ́kàn jẹ́, èyí ni òrí tí wọ́n yọ́, tí ó wá dì ní kókó-kókó bí gààrí. Kò bàjẹ́ rárá. Nígbà tí òrí bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, apá tí ó fẹ́ràn àti dì a ṣáájú ìyókù, a sì kó ara rẹ̀ jọ di kókó. Oògùn rẹ̀ ni pé kí a tún un yọ́ pátápátá, kí a gbé àwo rẹ̀ sínú omi tútù, kí a sì máa rò ó láìdúró títí yóò fi ki. Bí ó bá ti tutù kíákíá báyìí, kókó kò ní rí àyè jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ọ̀pẹ. Àdín, tí a ń rí láti inú èkùrọ́, jọ òróró àgbọn ju bí ó ti jọ epo pupa lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹyìn kan náà ni àdín àti epo pupa ti wá. Nǹkan bí ìdajì àdín àti ìdajì òróró àgbọn ni ásíìdì lauric. Ásíìdì yìí ni ó ń mú kí ọṣẹ hó yẹ́yẹ́, òun kan náà ni ó sì ń mú kí ọṣẹ gbẹ ara bí a bá fi sí i jù. Epo pupa kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ní ni àwọ̀ pupa karotíìnì, èyí tí yóò pa aṣọ ibùsùn yín láró bí ẹ bá fi í pò ìpara. Àdín dúdú ti àwọn ìyá wa dúdú nítorí pé wọ́n ń dín èkùrọ́ kí òróró tó jáde. Wọ́n ń fi pa ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má fi àdín pa ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí gìrì mú, ilé-ìwòsàn ni ibi tirẹ̀.

Nígbà tí a bá fẹ́ pa ohun wọ̀nyí pọ̀, ooru tí ń yọ́ wọn ni ó yẹ kí ó darí wa. Òróró àgbọn ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Nítorí náà omi ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wa fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, àfi ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Òrí ń rọ̀ ní ìwọ̀n ooru ara ènìyàn. Ìda oyin kò ní yọ́ títí yóò fi kọjá 60. Bí a bá po òrí 70 gíráàmù, òróró àgbọn 20 àti ìda oyin 10, a ó rí ìpara 100 gíráàmù tí ó ń dúró, tí ó sì ń rọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìpara tí ó dára ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ yóò di ọbẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí òòrùn bá ń jó páànù. Ní ìgbà ooru, ẹ jẹ́ kí ìda di 14, kí òróró sì di 16. Ní ìgbà ọyẹ́, ìda 6 àti òróró 24. Òrí wà ní 70 rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ìda pẹ̀lú òróró nínú àwo tí ó jókòó sínú omi gbígbóná. Ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó fi òrí sí i. Bí lọ́fínńdà yóò bá wọ̀ ọ́, ẹ dúró di ìgbà tí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù, nítorí ooru a máa lé òórùn dídùn lọ.

Ẹ óò ṣàkíyèsí pé gíráàmù ni mo ń kà, n kò ka ṣíbí. Ṣíbí oyin wúwo ju ṣíbí òróró lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ṣíbí kan náà. Ẹni tí ó bá ka Ẹ́kísódù orí 30 yóò rí i pé nígbà tí a fún Mósè ní àṣẹ láti ṣe òróró ìyàsímímọ́, a kò sọ fún un pé kí ó bu díẹ̀ níhìn-ín kí ó sì bu díẹ̀ lọ́hùn-ún. Òjíá 500 ṣékélì, kínámónì 250, kálámù 250, kásíà 500, òróró ólífì hínì kan. Òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé oúnjẹ kò wọ́n, òun ni mo sì máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rà, kí ó tó ra ìgò aláràbarà.

Ó tó àkókò báyìí láti sọ ọ̀rọ̀ omi, n ó sì fi ìtìjú ara mi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi omi ètí erin lu òrí pọ̀ títí ó fi funfun, tí ó sì fúyẹ́ bí fọ́ọ̀mù. Ó wù mí púpọ̀. Mo kó o sínú ìkòkò kan, mo sì fún àbúrò mi obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, àmì dúdú ti yọ lójú rẹ̀. Àbúrò mi ro pé òkè nìkan ni ó bàjẹ́, ó há a kúrò, ó sì ń lo ìsàlẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí eéwo wẹ́wẹ́ kún abíyá àti ọrùn ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ méjì ni a sì fi gba abẹ́rẹ́ àti oògùn kí ó tó gbẹ. Àbúrò mi kò bá mi wí. Ó kàn dá ìkòkò náà padà fún mi, ó ti fọ̀ ọ́, ìdérí rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé ohun alààyè kéékèèké kò lè gbilẹ̀ láìsí omi, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi bu omi fún wọn mu. Nínú òrí nìkan, nínú òróró nìkan, nínú ìda nìkan, kòkòrò àrùn kò rí ibi gbé. Ìṣẹ́jú tí omi bá wọ̀ ọ́, ìbáà ṣe omi ètí erin, omi òdòdó rósì, omi ìrẹsì, tàbí wàrà, a ti pèsè oúnjẹ àti ilé fún wọn. Èyí tí ojú rí lókè jẹ́ èyí tí ó ti pọ̀ jù. Àwọn tí ojú kò rí ti wà káàkiri inú ìkòkò ṣáájú. Síse omi náà kò tó, nítorí pé ìka tí a ó tì bọ̀ ọ́ lọ́la yóò kó tuntun wá. Fítámì E kò tó pẹ̀lú. Ohun tí fítámì E ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí òróró tètè kan. Kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú kòkòrò. Àṣìṣe yìí ni mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìpara.

Ìṣòro kejì tún wà, pé omi àti òróró kì í bá ara wọn gbé. Bí a bá lù wọ́n pọ̀, wọn yóò dàbí ẹni pé wọ́n ti rẹ́, kí ó tó di ọjọ́ kẹta wọn yóò ti pínyà. Ohun tí ń so wọ́n pọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní emulsifier: apá kan rẹ̀ fẹ́ omi, apá kejì fẹ́ òróró, ó sì dúró láàárín bí alárinà. Ọṣẹ jẹ́ irú rẹ̀ kan. Pupa ẹyin ní i nínú. Ìda oyin nìkan kò lè ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ po ìpara olómi fún títà, dandan ni kí ó ra alárinà yìí, kí ó sì ra ohun tí ń dènà kòkòrò, irú bíi phenoxyethanol, èyí tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí ó ju 1 gíráàmù lọ nínú 100. Ẹni tí kò bá lè rí wọn rà, kí ó po ìpara aláìlómi, kí ó sì fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí ètí erin bá wù yín, ẹ gé e ní òwúrọ̀, ẹ pa á pọ̀ mọ́ òrí ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi para, ẹ sì da ìyókù nù. Ẹ má sọ fún mi pé fíríìjì ń bẹ. Gbogbo wa ni a mọ bí iná mànàmáná ti rí níbí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ tútù bu òrí lẹ́yìn ìwẹ̀, nítorí omi kan náà ni.

Ọṣẹ ní tirẹ̀ gba ìṣọ́ra mìíràn. Àwọn ìyá wa ń jó èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọ́n sì ń fi se àdín tàbí epo pupa. Pọ́táṣì ni ó pọ̀ nínú irú eérú bẹ́ẹ̀, ọṣẹ tí pọ́táṣì bá sì ṣe kì í le. Ìdí nìyí tí ọṣẹ dúdú fi rọ̀. Sódà ni ó ń ṣe ọṣẹ líle. Michel Chevreul, ará Faransé tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rá jáde ní 1823, ni ó jẹ́ kí ayé mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà: ọ̀rá a máa pín sí méjì, apá kan a di ọṣẹ, apá kejì a di gílísáríìnì. Nínú ọṣẹ dúdú, gílísáríìnì náà kò lọ ibì kankan, inú ọṣẹ ni ó wà.

Òróró kọ̀ọ̀kan ni ó ní iye sódà tí ó lè gbà. Gíráàmù kan epo pupa ń gba nǹkan bí 0.141 gíráàmù sódà, àdín 0.176, òrí 0.128. Ẹni tí ó bá po epo pupa 500 gíráàmù, àdín 300 àti òrí 200 yóò ṣírò 70.5, 52.8 àti 25.6, àpapọ̀ rẹ̀ 148.9. Kí ó dín ìdá 5 nínú 100 kù nínú rẹ̀, kí ó fi 141 gíráàmù sódà sínú omi 320 gíráàmù, kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́kù tí yóò ṣàánú awọ ara. Bí sódà bá pọ̀ jù bí ó ti wù kí ó kéré mọ, yóò jó ẹni tí ó wẹ̀. Sódà ni a ń dà sínú omi. A kì í da omi sórí sódà, nítorí yóò hó sókè sí ojú ènìyàn. Ìkòkò alumíníọ̀mù kò ṣeé lò, sódà yóò jẹ ẹ́. Kí a bo ojú, kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí ọmọdé má sí nítòsí. Bí ó bá ta sí ara, omi tí ń ṣàn ni kí a fi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kì í ṣe epo pupa, lẹ́yìn náà kí a lọ sí ilé-ìwòsàn. Ọṣẹ tí ó bá jáde, kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a tó lò ó.

Ohun tí ó bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí ó kàn. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú àti ọrùn kí ara rẹ̀ lè mọ́, ó sì lọ sáré nínú òòrùn ní ọjọ́ eré ìdíje. Ní ọjọ́ kejì, awọ ara rẹ̀ ti ró bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Nígbà tí ó jinná, ipa ìka rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ ní dúdú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun kan wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó ń pe ìtànṣán òòrùn sí awọ ara. Ó fẹ́ mọ́, ó sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyẹ̀fun aláìlórúkọ burú ju ọsàn lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń tà fún bíbó ara ní mẹ́kúrì nínú, tàbí hydroquinone, tàbí sítẹ́rọ́ọ̀dì. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ti ara ìyá dé ara ọmọ tí ó gbé mọ́ra. Ìdí nìyí tí àdéhùn Minamata ti ọdún 2013 fi pàṣẹ pé kí ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2020. Sítẹ́rọ́ọ̀dì a máa mú awọ ara fẹ́lẹ́, tí egbò kò fi ní tètè san. Ẹni tí ó bá pò wọ́n mọ́ òrí tí ó sì pè é ní ìpara ìbílẹ̀, orúkọ òrí ni ó ń bà jẹ́.

Ohunkóhun tí a bá pò, kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ìgunpá nínú, kí a sì dúró di ọjọ́ kejì kí a tó fi kan ojú. Kí a kọ ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a pò ó sára ìgò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó o lọ sí ọjà Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja, àjọ NAFDAC ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ọjà ń bẹ. Ní oṣù Ògún ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de kíkó èso òrí tí a kò tíì sè lọ sí òkèèrè fún oṣù mẹ́fà, kí iṣẹ́ ṣíṣe òrí lè dúró sílé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú òrí tí ń lọ sókè òkun, inú ṣokoléètì àti oúnjẹ mìíràn ni ó ń bá lọ, kì í ṣe inú ìpara.

Fún àwọn tí yóò wá síbi àjọ̀dún, mo ti gbé ìgò mẹ́ta sórí tábìlì ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Òrí nìkan ni ó wà nínú èkíní. Òrí, omi ètí erin àti alárinà wà nínú èkejì. Ohun kan náà ni ó wà nínú ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n mo fi ohun tí ń dènà kòkòrò sí i. Ọjọ́ kan náà ni mo po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ náà sì wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí wọn, kí ẹ sì gbóòórùn wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan èkejì.